ÀWỌN TÍ Ń TÚN WÁYÀ DÌ NÍ OKOKOMAIKO

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjókòó ìgbìmọ̀ aṣòfin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aáwọ̀ láàrin ẹgbẹ́ òṣèlú kan àti èkejì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó kan àwọn ọ̀dọ́ tí ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, láti ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́ títí kan Ìyànà-Ìbà àti Okokomaiko, tí wọ́n ń tú ẹ̀rọ tí ó ti kú palẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀yà ara òkú ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí yóò sin alààyè. Bí a bá fi ojú kékeré wo iṣẹ́ wọn, a ó pè é ní iṣẹ́ àwọn tí ń ṣa ààtàn. Bí a bá fi ojú àgbà wò ó, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti ọ̀rọ̀ ìjọba ni ó pé jọ sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ààrò kan wà tí a ń pè ní máíkíróweefù, tí ń gbé oúnjẹ gbóná ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí ẹ̀yinná. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Percy Spencer ni ó ṣàwárí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1945, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọkọ̀ òfurufú lójú ogun. Ní ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ààrò bẹ́ẹ̀ jáde fún títà. Lónìí ó ti di ohun ilé ìdáná. Nígbà tí ó bá dákẹ́ ní ilé olówó ní London tàbí ní ìlú mìíràn ní òkèèrè, wọn a gbé e sọnù. Lẹ́yìn náà ni yóò bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, tí a ó sì máa pè é ní tokunbo. Bí ó bá dé Alaba tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, ó di ti àwọn tí ń tú ẹ̀rọ palẹ̀.

Nínú ikùn ààrò yìí ni tiransifọ́mà kan wà, òun ni ó wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín púpọ̀ ni wọ́n tò lé ara wọn tí wọ́n sì jó pọ̀, tí wọ́n wá dì wáyà mọ́ lára ní ìdì méjì pàtàkì. Ìdì kan ni iná ilé ń gbà wọlé. Láti ara ìdì kejì ni iná ń gbà jáde. Wáyà méjèèjì kò kan ara wọn, síbẹ̀ agbára ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Michael Faraday ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi èyí han ayé ní ọdún 1831: bí agbára òòfà bá ń yí padà nínú irin, yóò ta iná jí nínú wáyà tí ó yí irin náà ká. Bí iye ìgbà tí wáyà yí irin ká bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni fóòtì tí yóò jáde yóò ti ga tó. Nínú máíkíróweefù, wáyà kejì tín-ín-rín, ó sì yí irin ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, nítorí náà iná 230 fóòtì tí ó bá wọlé yóò jáde ní nǹkan bí 2,000 fóòtì.

Kò sí ohun tí ẹni tí ó fẹ́ fi iná sí bátìrì ọkọ̀ lè fi 2,000 fóòtì ṣe. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ayùn irin gé ìdì wáyà tín-ín-rín náà kúrò, wọ́n sì ń fi òòlù àti irin gbá ìyókù jáde láìjẹ́ kí irin náà kan ìdì tí iná ń gbà wọlé, nítorí bí ara ìyẹn bá bó, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ihò tí ó bá ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń fi wáyà tí ó nípọn dì, irú èyí tí àwọn ajórin ń lò. Wọn kì í méfò iye ìgbà tí wọn yóò yí i. Wọn a kọ́kọ́ yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, wọn a tan iná, wọn a sì fi mítà wò ó. Bí mítà bá ka 9 fóòtì, wọ́n mọ̀ pé ìyíká kan mú díẹ̀ dín ní fóòtì kan wá, ìyẹn 9 nínú ìdá mẹ́wàá fóòtì. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ 18 fóòtì yóò yí i ní ogún ìgbà. Iná tí ó jáde yìí ń lọ ó sì ń bọ̀ ní àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bátìrì kò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọn a mú un gba inú dáyóòdù mẹ́rin kọjá kí ó lè máa ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí ń fi iná sí bátìrì ti délẹ̀ nìyẹn, láti inú ohun tí ẹlòmíràn kà sí ìdọ̀tí.

A bi àwọn olùkọ́ wa léèrè: kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti ìṣirò tí ẹ ń kọ sí ara pátákó? Ọmọ tí ó pín 18 sí 9 tí ó sì mọ ìdí tí òun fi pín in, ọmọ ilé ìwé ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àpótí ni ó jókòó sí ní ẹ̀bá títì. Ó tún mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ṣe fún iná 120 fóòtì tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ọgọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gbọdọ̀ kan iná tiwa bẹ́ẹ̀. Pé èyí tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá iná tiwa mu. Ó mọ̀ pé láyé òde òní, wáyà tí ó pupa bí bàbà lè jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi fáníìṣì kùn, ó sì ń họ ara rẹ̀ wò kí ó tó san owó. Ọgbọ́n nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ.

Kí ni ó gbé ọmọ yìí dé ibi iṣẹ́ yìí? Àìsí iná ni. Ní ọdún 1972 ni ìjọba da àwọn àjọ oníná pọ̀ di NEPA. Ní ọdún 2005 orúkọ yí padà sí PHCN. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 wọ́n pín pínpín iná fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Orúkọ ń yí padà, òkùnkùn kò yí padà. Ní ọdún 2024 nìkan, àìmọye ìgbà ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́ láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà fún ìwọ̀n kan. Ẹni tí kò bá lè san èyí, tí kò sì lè ra epo sí jẹnẹrétọ̀, bátìrì ni ó kù fún un. Bí iná bá sì dé fún wákàtí méjì ní òru, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi gbá a jọ sínú bátìrì náà kíákíá, bí ẹni tí ń gbe omi òjò.

Ṣùgbọ́n ìyìn nìkan kì í ṣe ìfẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó di dandan kí a sọ ọ́ ní gbangba pé tiransifọ́mà inú máíkíróweefù wà lára àwọn ohun tí ó léwu jùlọ tí ọmọ ènìyàn lè tú jáde nínú ẹ̀rọ ilé. Iná 2,000 fóòtì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ń gbọn ni tí ó sì ń jọ̀wọ́ ni. Ó ní agbára tí ó tó láti dá ọkàn ènìyàn dúró kí ó tó lè ké. Orí kan nínú ìdì wáyà kejì náà ni wọ́n so mọ́ irin tiransifọ́mà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó fọwọ́ kan irin tí ó sì fọwọ́ kan orí kejì ti pa iná náà dé sínú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ agé-iná tí àwọn ẹlòmíràn ń fi sí ilé láti dáàbò bo ènìyàn kò lè gbà á, nítorí iná tí ń pa á kò ti ara wáyà ilé wá tààrà.

Èwo ni ti kapásítọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ohun tí ń tọ́jú iná pamọ́ ni. A lè ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí kapásítọ̀ ṣì gbé iná mì síkùn bí ejò tí ó ká sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ohun kékeré kan nínú tí ó yẹ kí ó máa tú iná náà dànù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́, ta ni ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ohun kékeré náà kò bàjẹ́ pẹ̀lú? Ẹ̀yà mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ń ta ìgbì jáde. Nínú àwọn kan lára wọn, ohun funfun bí tánńganran tí ó yí i ká ní oró tí ó burú fún ẹ̀dọ̀fóró bí a bá fọ́ ọ tí eruku rẹ̀ bá dé imú. Ẹ má ṣe fọ́ ọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa aláìní nìkan ni ewu yìí ń pa. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé àti ilé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ bí yanrìn, àwọn kan ń fi tiransifọ́mà yìí kan náà ya àwòrán bí ẹ̀ka igi sí ara pákó, wọ́n sì ń jẹ́ kí iná gíga rẹ̀ jó ọ̀nà gba ara igi náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kú nídìí eré yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ igi ní ilẹ̀ náà kà á léèwọ̀ níbi ìpàdé gbogbo tí wọ́n bá ń ṣe. Bí ọ̀mọ̀wé bá ń kú níbẹ̀, kí ni kí a retí fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sọ fún rí?

Ìkìlọ̀ wa fún àwọn ọ̀gá nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan tiransifọ́mà yìí wò kí a tó gé ìdì wáyà gíga náà kúrò. Kí ó jẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀, tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀, ni yóò tú iná inú kapásítọ̀ dànù, kí ó má ṣe rán ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kí ẹnì kan má dá iṣẹ́ náà ṣe láìsí ẹlòmíràn nítòsí tí ó lè pa iná. Kí a fi fíùsì sí ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé. Kí a má sì ṣe fi ẹ̀rọ tí kò ní ohun tí ń dá a dúró sílẹ̀ lára bátìrì láti alẹ́ di òwúrọ̀: iná 12 fóòtì tí ó ti dáyóòdù jáde sínú kapásítọ̀ lè ga tó 15 kí a tó gbé ẹrù lé e, bátìrì tí ó ti kún yóò sì máa hó, afẹ́fẹ́ tí yóò máa jáde nínú rẹ̀ sì lè gbiná. A kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn.

Ohun mìíràn tún wà tí òtítọ́ fi gbọ́dọ̀ jáde ní ẹnu wa. Tiransifọ́mà kì í ṣe kànga iná. Kò lè mú iná wá láti ibi tí iná kò sí; ohun tí a bá fún un ni ó ń pààrọ̀. Àwọn tí ó ṣe ti máíkíróweefù kò sì ṣe é láti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Wọ́n fún irin àti wáyà rẹ̀ mọ́ra láti dín owó kù, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbóná kíákíá tí ó sì ń fi iná ṣòfò nígbà tí kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Ó dára fún fífi iná sí bátìrì fún ìgbà díẹ̀ tàbí fún jíjó irin pẹlẹbẹ pọ̀. Kò lè rọ́pò ojúṣe ìjọba. Nítorí náà a kò fẹ́ kí aláṣẹ kankan wá dúró ní Okokomaiko, kí ó máa yin ọgbọ́n àwọn ọmọ wa, kí ó sì fi ìyìn náà bo òkùnkùn mọ́lẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ń lo iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàrin Mile 2 àti Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Okokomaiko ni wọ́n sì ti ṣètò pé kí ó parí sí. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí a lè mú iná wá fún ọkọ̀ ojú irin rẹ̀, ó yẹ kí a lè mú iná wá fún ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà.

Ó tún yẹ kí a bèèrè bí òkú ẹ̀rọ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1988, àwọn oníṣòwò láti Ítálì kó ìdọ̀tí olóró wá dà sí ìlú Koko, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ìbínú sì ru ní gbogbo ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń ṣòfin. Ní ọdún 1991 Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Basel tí ń dènà kíkó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan dà sí òmíràn. Ní ọdún 2007 a dá àjọ NESREA sílẹ̀. Ní ọdún 2011 ìlànà jáde lórí ẹ̀rọ iná, tí ó ka gbígbé èyí tí ó ti kú wọlé léèwọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dúró ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, inú ọkọ̀ tokunbo sì ni wọ́n ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pamọ́ sí. Nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò, ó tó 19 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Òfin wà nínú ìwé. Ẹrù wà lójú títì. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá tún wáyà dì ti gba apá kan nínú ẹrù yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ iná, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí a ń bá wí ni àwọn tí ń dáná sun wáyà ní gbangba kí rọ́bà rẹ̀ lè jó kúrò lára bàbà. Èéfín dúdú náà kì í dúró lórí ààtàn; ó ń wọ ilé alágbo ọmọ, ó ń wọ kíláàsì, ó ń bà lé ewébẹ̀ tí a ó jẹ. Owó bàbà wọ àpò ẹnì kan, oró rẹ̀ sì wọ ẹ̀dọ̀fóró àdúgbò. Ọ̀bẹ ni ó yẹ kí a fi bó wáyà. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìpín Àgbádárìgì, tí Ọ̀jọ́ wà nínú rẹ̀, wà lábẹ́ ìjọba náà. Ọdún 1967 ni ó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn baba àti ìyá wa kò fi ọmọ sí ilé ìwé nígbà náà kí ó lè mọ ìwé kà kí ó sì máa bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́. Ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ní ọdún 2025 ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sínú ẹ̀kọ́ ilé ìwé girama: fífi ẹ̀rọ iná oòrùn sí ilé àti títọ́jú rẹ̀ wà níbẹ̀, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ètò kò lè kọ́ ọmọ. Ta ni yóò kọ́ wọn, kí sì ni wọn yóò fi kọ́ wọn? Àwọn ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ náà wà ní ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé yín. Ẹ pè wọ́n wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ hàn, kí ẹ̀yin sì fi ìwé ṣàlàyé. Ọ̀gá yóò kọ́ ìdí tí ohun tí ó ń ṣe fi rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yóò kọ́ ohun tí ìwé rẹ̀ ń wí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe gba àpò ìrẹsì àti fìlà nìkan nígbà ìdìbò. Ẹ bi ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, tàbí ti ìjọba ìdàgbàsókè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ní ìbéèrè mẹ́ta yìí. Níbo ni ilé iṣẹ́ gbogboogbò tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ iná lè ti yẹ iṣẹ́ wọn wò pẹ̀lú mítà tí ó péye àti ẹ̀rọ agé-iná yóò wà? Ìwé ẹ̀rí wo ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó gba òmìnira yóò mú lọ́wọ́, tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò sì kà sí? Níbo ni a ó máa kó òkú ẹ̀rọ tí kò wúlò mọ́ sí, kí a má bàa máa sun ún lẹ́yìn ilé wa? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lọ wá a kí ó tó padà wá tọrọ ìbò.

Iná tí a fi gbèsè rà kì í pẹ́ kú. Ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹni ni kì í tètè tán. Àwọn ọmọ Okokomaiko ti fi hàn pé àwọn lè sọ irin tí ó kú di ohun tí ó wúlò. Ojúṣe wa ni kí a rí i pé iná tí ń bẹ nínú irin náà kò sọ wọ́n di òkú. Kí ìjọba ṣe tirẹ̀ ní èbúté, kí olùkọ́ ṣe tirẹ̀ ní kíláàsì, kí ọ̀gá sì máa ṣọ́ ọwọ́ ọmọ tí a fi lé e lọ́wọ́.